Àbúrò Tí Mo Fi Tan Kánsù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí n kò sọ fún ọkọ mi, tí n kò sọ fún pásítọ̀. N kò tilẹ̀ fi gbàdúrà rí, nítorí ojú ń tì mí láti gbé e kalẹ̀. Ìyá mi wà lórí ibùsùn nínú yàrá tó kángun sí ibi tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú, dókítà sì ti ní ká máa gbé e lọ sílé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń retí láti ẹnu mi kó tó lọ. N kò tíì sọ ọ́ fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹ má rò pé èèyàn burúkú tí wọ́n ń fi ọwọ́ júwe lójú pópó ni mí. Iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọmọ Bùnú ni mí, Lọ́kọ́ja ni mo ti bí gbogbo ọmọ mi, ilé tí èmi àti ọkọ mi kọ́ sí àdúgbò Karaworo ni mo sì wà títí di òní.

Ilé yẹn gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Abẹ́ Kwara ni Lọ́kọ́ja ṣì wà nígbà náà. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, òpin oṣù ló máa ń wálé. Èmi ni mo ń fi àwọn yàrá ẹ̀yìnkùlé háyà. Kánsù sì máa ń gba owó orí lórí gbogbo yàrá tí èèyàn bá fi háyà. N kò fẹ́ san án. Mo máa ń bi ara mi pé, ta ló bá mi ru búlọ́ọ̀kù? Nítorí náà, gbogbo ayálégbé mi ni mo sọ di ẹbí. Bí àwọn òṣìṣẹ́ kánsù bá dé, màá ní, "Àbúrò ọkọ mi nìyí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn." Ta ni kì í ṣe àbúrò èèyàn láàárín wa? Wọ́n á mu omi tútù, wọ́n á sì máa lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹbí tí mo ṣẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ni Àṣàkẹ́. Ọmọ Ṣábẹ ni, ní ilẹ̀ Benin, èyí tí àwa àgbà ṣì ń pè ní Dàhòmì. Yorùbá ni èdè wọn bíi tiwa, àmọ́ Faransé ló mú wọn sìn. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Iṣẹ́ aṣọ rírán ló ń ṣe, ó sì ní ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Àìná. Kò ní ju ìyẹn lọ láyé.

Èmi ni mo fẹ́ fara pamọ́, òun kò fẹ́. Ó lọ sí ọ́fíìsì imigiréṣọ̀n fúnra rẹ̀, ó ní òun fẹ́ forúkọ sílẹ̀ bí òfin ṣe wí. Wọ́n ní kó lọ mú onílé rẹ̀ wá, kí onílé wá jẹ́rìí sí ibi tó ń gbé. Ó délé, ó kúnlẹ̀ fún mi.

Mo rí ohun tó wà níbẹ̀. Bí mo bá lọ jẹ́rìí pé mo gba àlejò sílé, mo ti fẹnu ara mi sọ pé mo ń fi ilé háyà nìyẹn. Ọ́fíìsì kan á sọ fún èkejì. Mo ní, "Ìwọ Àṣàkẹ́, ṣé ojú ẹ jọ ti àlejò ni? Àbúrò mi ni ẹ́. Ọmọ Bùnú ni ẹ́. Ta ni yóò béèrè ìwé lọ́wọ́ ọmọ Bùnú ní Lọ́kọ́ja?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kúkú ṣe é. Ọkàn mi kò balẹ̀."

Mo ní kó gbẹ́nu dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún bẹ̀ mí, ó tún bẹ̀ mí, mo ń sọ pé màá lọ, n kò lọ.

Kí n má purọ́, mo kọ́ ọ bí ọmọ Bùnú ṣe ń ṣe. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń kí ara wa, "Okun o!" Mo kọ́ ọ ní orúkọ abúlé wa àti orúkọ bàbá mi. Kò ṣòro. Ahọ́n Ṣábẹ tirẹ̀ ṣe ṣákálá létí, tiwa náà kò dán létí ará Ìlọrin. Ẹni tó bá wá láti ọ̀nà ibòmíràn kò lè mọ èyí tí í ṣe ti Bùnú àti èyí tó gba bọ́dà kọjá wá. Àwọn ọ̀rọ̀ Faransé díẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń pè ní lekóòlù. Ọsibítù ni ó ń pè ní lópítàlì. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, yóò rántí. Bí àyà rẹ̀ bá já, lópítàlì ni yóò jáde. Mo máa ń fi rẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ni ìyá mi wá láti Bùnú nítorí ojú tó ń dùn ún. Ó rí Àṣàkẹ́ níbi tó ti ń gbálẹ̀, ó bi mí pé ta lèyí. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Àbúrò mi ni, èyí tí ẹ bí fún kánsù." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ìyá mi kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "A kì í fi ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá ṣeré nílé wa." Ó pe Àṣàkẹ́ wọlé. Ó bu omi sínú igbá, ó mu díẹ̀, ó ní kí Àṣàkẹ́ mu ìyókù. Ó wá gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó ní, "Àbúrò tí ọmọ mi yìí fi ẹnu lásán pè, èmi ti bí i. Láti òní lọ, ọma mi ni ẹ́." Bí a ṣe ń pe ọmọ nìyẹn ní ọ̀dọ̀ wa. Àṣàkẹ́ bú sẹ́kún. Èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n gba ìjókòó lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Mo ń lọ sí ọ́fíìsì láàárọ̀, mo ń dé nírọ̀lẹ́. Àṣàkẹ́ wà nílé pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Òun ló ń kán oògùn sí ìyá mi lójú, òun ló ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, òun ló ń se ẹ̀kọ tó bá ẹnu rẹ̀ mu. Tí mo bá wọlé, màá bá wọn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá rí mi, ẹ̀rín náà á kéré. Ọmọ kékeré yẹn, Àìná, orí itan ìyá mi ló ń sùn. Àwọn ọmọ tèmi kò sùn níbẹ̀ rí. Inú bí mi. Mo kórìíra obìnrin náà débi pé bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ń dún, eyín mi á máa ta mí.

Ohun tó wá bà á jẹ́ pátápátá ni aṣọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Bùnú, ẹ mọ aṣọ pupa wa, èyí tí àwọn ìyá wa ń fọwọ́ hun, tí a fi ń bo òkú àgbà. Ìyá mi hun tirẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dá. Mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé nǹkan abọ̀rìṣà ni, pé mi ò ní gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì mi. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga. Ní ọjọ́ kan, mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá a tó ti kó aṣọ náà fún Àṣàkẹ́ pé kó máa bá òun tọ́jú rẹ̀, pé bí òun bá kú, Àṣàkẹ́ ni kó fi bo òun. Èmi tí ó bí nínú ara rẹ̀ ń gbọ́. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò dáa bẹ́ẹ̀ nínú mi rárá.

Ọdún tí ìjọba ní kí àwọn ará Gánà àti àwọn àlejò yòókù tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde, ẹ ó rántí. Ẹ rántí àwọn báàgì onílà tí a sọ ní Gánà Mọ́sì Gò. Wọ́n kéde lórí rédíò pé ẹni tó bá fi àlejò pamọ́ náà yóò rí ìyà. Àṣàkẹ́ kò lè jẹun. Ó wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rí i báyìí?" Mo ní, "Ṣé kì í ṣe ọmọ ìyá mi ni ẹ́ ni? Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?" Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ̀rù ń bà á.

Ìyá mi ti lọ sí Bùnú fún ìsìnkú ìbátan wa kan nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ imigiréṣọ̀n dé àdúgbò wa. Ọ̀sán gangan ni. Wọ́n ń wọ ilé kiri. Ara Àìná ti ń gbóná láti òru, ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù, ó ń ti ibẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó sì bá wọn pàdé ní àgbàlá mi.

Ó kí wọn dáadáa. Ó kí mi, "Okun o, ẹ̀gbọ́n mi." Bí mo ṣe kọ́ ọ náà ló ṣe é. Ọ̀gá wọn wò ó, ó wò mí, ó ní, "Madam, na your pesin be dis?" Ó ti ń kẹ́yìn sí wa kí n tó dáhùn. Ká ní mo mi orí lásán, wọn ì bá ti lọ.

Mo yíjú sí Àṣàkẹ́. Mo fi ohùn dídùn bi í pé, "Níbo lo ti ń bọ̀ nínú oòrùn yìí, àbúrò mi?"

Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ ọ̀rọ̀ tí mo ń wá. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo tún ní, "Mo ní níbo lo gbé ọmọ lọ?"

Ó ní, "Lópítàlì ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọ̀gá náà dúró. Ó ní, "Lopi-wetin?" Àṣàkẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá náà wá kojú sí mi, ó ní ṣé àbúrò mi ni lóòótọ́. Àṣàkẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún wọn. Ìyá ṣáà ti bí mi. Ẹ sọ fún wọn."

Ọ̀rọ̀ ìyá tó fà yọ yẹn ló tanná ran mí. Mo ní, "Ìyá tèmi kò bí ọmọ tó ń pe ọsibítù ní lópítàlì." Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn òṣìṣẹ́ náà bá mi rẹ́rìn-ín. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n rí, pé ó bẹ̀ mí láti sùn mọ́jú nítorí ọmọ tó ń ṣàìsàn, pé àánú ló ṣe mí. N kò sọ pé ayálégbé ni. Kódà nígbà yẹn, mo rántí kánsù.

Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀rù òfin ló mú mi ṣe é, kí ó má gbèjà mi. Ẹ̀rù wà, àmọ́ kò pọ̀. Adùn ló pọ̀.

Wọn ò gbà kó wọlé kó ẹrù. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fún ọmọ ní oògùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, wọ́n ní kó fún un nínú ọkọ̀. Ó gun ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n kó àwọn yòókù sí. Kò ṣépè fún mi. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ bá mi kí ìyá."

Mo wọ yàrá rẹ̀ kí eruku ọkọ̀ náà tó rọlẹ̀. Mo ṣí àpótí rẹ̀, mo gbé aṣọ pupa ìyá mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ náà, mo tà á. Kò tó oṣù kan tí ẹlòmíràn fi háyà yàrá náà lọ́wọ́ mi.

Ìyá mi dé láti Bùnú, ó ń pe Àṣàkẹ́ láti ẹnu ọ̀nà. Mo ní ìjọba ti kó o lọ. Ìyá mi sọ aṣọ ìlékè sọ́rùn, ó ní kí n mú òun lọ bá wọn, òun fẹ́ lọ sọ ní gbangba pé ọmọ òun ni. Ojú rẹ̀ ti fọ́ tán nígbà náà o. Mo mọ̀ pé bó bá dé ibẹ̀, gbogbo ohun tí mo sọ àti ohun tí n kò sọ ni yóò tú. Ó ti dé ìta nígbà tí mo ní, "Ìyá, ẹ má dààmú ara yín. Ó ti mọ̀ pé òun ń lọ. Ó ti gbé aṣọ yín sá kí wọ́n tó dé."

Ó dúró. Ó ní, "Aṣọ mi wo?"

Mo ní, "Èyí tí ẹ fún un tọ́jú."

Ó fọwọ́ wá ilẹ̀, ó jókòó síbẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀. Ó wá tú ọmú rẹ̀ síta. Ó ní, "Ẹni tó bá gbé aṣọ tí wọn ó fi bò mí, kó má rí ọmọ tí yóò bo òun." Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá gbé e, ohun tó sọ nìyẹn. Aṣọ náà sì wà lábẹ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi nínú àpótí.

Ó pẹ́ tí mo fi ń ṣọ́ àwọn ọmọ mi bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Wọ́n jáde ìwé, wọ́n rí iṣẹ́. Mo wá gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà lásán ni.

Obìnrin Nupe kan ni Ìyá Rábì, ó ń ta aṣọ òkìríkà ní ọjà Kpata, ó sì mọ Àṣàkẹ́ nígbà tó wà lọ́dọ̀ mi. Ó máa ń ná ọjà títí dé ilẹ̀ Dàhòmì. Láìpẹ́ yìí ló wá bá mi nílé, ó jókòó, kò gba omi. Ó ní òun pàdé Àṣàkẹ́ ní Ṣábẹ. Àìná kò dé ilé. Ní bọ́dà ló kú, níbi tí wọ́n kó wọn jọ sí nínú oòrùn, wọ́n sì sin ín sẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀. Àṣàkẹ́ ti fẹ́ ọkọ mìíràn lẹ́yìn náà, oyún kì í dúró lára rẹ̀. Ìyá Rábì fúnra rẹ̀, tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará àdúgbò wa, ló ti sọ fún un ní ìrìn àjò kan ṣáájú pé ìyá àgbà ṣépè nítorí aṣọ. Láti ìgbà náà ni Àṣàkẹ́ ti gbà pé èpè náà ló pa ọmọ òun, òun náà ló sì ń ba oyún jẹ́ lára òun.

Ìyá Rábì ní, "Wallahi, Màmá, ó sunkún títí. Ó ní òun kò gbé aṣọ kankan. Ó ní kí n bá òun bẹ ìyá, bí òun bá ṣẹ̀ wọ́n láìmọ̀, kí wọ́n tú u fún òun. Ẹ jẹ́ kí n wọlé bá wọn sọ ọ́."

Mo ní ìyá ń sùn. Mo ní màá bá a sọ ọ́. Mo sìn ín dé títì.

N kò sọ ọ́. Ohun tó wá burú ni pé ìyá mi kò tilẹ̀ nílò Ìyá Rábì. Ikú tó ń bọ̀ ti mú un ronú. Ní àràárọ̀, bí mo bá fi aṣọ tútù nù ún lójú, ó ń bi mí pé, "Ṣé òótọ́ ni pé ọma yẹn ló gbé e? Bí kì í bá ṣe òun, bu omi wá fún mi, kí n fi kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. N kò fẹ́ gbé èpè aláìṣẹ̀ lọ sọ́run." Èmi á sì ní, "Òun ni, Ìyá." Láàárọ̀ òní náà, mo sọ ọ́. Ó mí kanlẹ̀, ó ní kó máa wà lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ bi mí pé kí ló dé? Láti ọjọ́ tí Ìyá Rábì ti wá ni ẹ̀rù èpè náà ti tún ń bà mí. Ọmọ mi obìnrin lóyún lọ́wọ́, àkọ́bí rẹ̀ ni. Bí mo bá sọ òtítọ́, ìyá mi á tú èpè kúrò lórí Àṣàkẹ́. Ṣé yóò tú u kúrò lórí mi? Mo mọ ìyá mi. Mo mọ ẹni tó fẹ́ràn jù. Bó bá fi sílẹ̀ lórí mi tó sì kú, ta ni yóò tún bá mi tú u? Ẹnu tó ṣẹ́ èpè ló ń tú èpè. Mo ń fi ọmọ ẹlòmíràn san gbèsè kí tèmi lè bí láyọ̀. Mo mọ̀ pé ohun tí mo ń ṣe nìyẹn.

Wọ́n ti sọ Lọ́kọ́ja di olú-ìlú ìpínlẹ̀ báyìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wá yàrá bí ẹni ń wá wúrà. Ẹnìkan wá wo yàrá Àṣàkẹ́ láná, ó bi mí ta ló ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní àbúrò mi ni. Ó kàn jáde lẹ́nu mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi kí ẹ tó gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n bu omi lọ bá ìyá mi? Àbí kí n jẹ́ kó lọ ní àlàáfíà, kí n wá Àṣàkẹ́ lọ sí Ṣábẹ lẹ́yìn ìsìnkú, kí n sì gbé aṣọ náà fún un? Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Ẹ kọ̀wé sí mi nípasẹ̀ ojú ìwé yìí, ẹ fi Ọlọ́run bẹ̀ mí, ẹ pàṣẹ fún mi, màá ṣe é.

Kí n kúkú sọ èyí tó kù. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yìí. Mo mọ bí lẹ́tà ṣe ń pẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, àti bí èsì ṣe ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá mi kò ní rí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí ẹ ó bá fi sọ fún mi pé kí n lọ bu omi, a ó ti sin ín. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó mú bírò.